Kọ̀ǹpútà mi kò gba Windows 11: ṣé kí n bọ́ sí Linux, báwo sì ni ti géèmù mi?

Ará Bódìjà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Ọ̀rọ̀ kan ti ń gbé mi lọ́kàn láti oṣù mélòó kan sẹ́yìn, mo sì fẹ́ gbọ́ ẹnu yín kí n tó ṣe ohun tí n ó padà kábàámọ̀.

Kọ̀ǹpútà alágbèéká tí mò ń lò jẹ́ tòkunbọ̀ tí mo rà ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Intel Core i7 ti ìran keje ló wà nínú rẹ̀, RAM rẹ̀ jẹ́ 16GB, káàdì àwòrán rẹ̀ sì jẹ́ NVIDIA GTX 1050. Ara rẹ̀ le. Bátìrì nìkan ni mo tíì pààrọ̀. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025 ni Microsoft ti dáwọ́ àtúnṣe ààbò tó máa ń wá fúnra rẹ̀ dúró lórí Windows 10, Windows 11 sì kọ ẹ̀rọ mi, nítorí pé yàtọ̀ sí ìwọ̀nba díẹ̀, láti orí ìran kẹjọ Intel ni wọ́n ti ń gbà á. Ẹni tó ta ẹ̀rọ náà fún mi ní kí n gbé e wá kí òun gba ọ̀nà ẹ̀bùrú fi Windows 11 sí i. N kò fẹ́, nítorí pé ohun tí a bá gba ojú fèrèsé gbé wọlé, ojú fèrèsé kan náà ni olè lè gbà gbé e jáde. Kí n ra òmíràn ńkọ́? Láti oṣù kẹfà ọdún 2023 tí wọ́n ti fi náírà sílẹ̀ kí ọjà máa pinnu iye rẹ̀, tòkunbọ̀ gan-an ti kọjá ohun tí apá mi ká.

Iṣẹ́ ìtúmọ̀ èdè ni mò ń ṣe, nítorí náà ohun àkọ́kọ́ tí mo nílò ni ẹ̀rọ tí n ó lè fi kọ Yorùbá pẹ̀lú àmì ohùn láìjà fitafita. Lẹ́yìn iṣẹ́, géèmù ni ìgbádùn mi: Counter-Strike 2, Football Manager, Stardew Valley, àti EA Sports FC tí èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi mẹ́ta máa ń gbá ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì bí iná bá wà. Wọ́n ní Linux, ètò ọ̀fẹ́ tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi ti Windows, ti ń gbé géèmù báyìí, ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbìyànjú rẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ gíga, bíi mẹ́wàá ọdún sẹ́yìn, géèmù àwọn ẹyẹ pẹ́ńgúìnì tó ń fi ọkọ̀ sáré ni ohun kan ṣoṣo tó ṣí.

Ẹ̀gbọ́n mi sọ pé ohun tí wọ́n bá ń pín lọ́fẹ̀ẹ́, ẹni tó ń pín in ló mọ ohun tó ń wá. N kò rí èsì tó mọ́yán lórí fún un. Kí ló ń mú kí ènìyàn ṣe irú iṣẹ́ yìí kó sì gbé e síta fún gbogbo ayé, ṣé a lè fi ọkàn tán wọn, ó sì dà bíi pé mo ń gbọ́ pé àwọn ìjọba kan ní Yúróòpù pàápàá ti ń kúrò lórí Windows. Ṣé òótọ́ ni àbí ariwo orí íntánẹ́ẹ̀tì lásán?

Bàbá Oníkóòdù

Ará Bódìjà, o káre tí o béèrè kí o tó gbé ìgbésẹ̀. Kí o kọ́kọ́ mọ̀ pé ẹlẹ́rìí tó ní ìfẹ́ sí ẹjọ́ ni mí: Linux ni mo fi ń jẹun láti nǹkan bí ọdún méjìdínlógún. Bí o ti ń ka ọ̀rọ̀ mi, máa yọ ìfẹ́ náà kúrò nínú rẹ̀.

Ohun tí o rí ní ilé ẹ̀kọ́ gíga nígbà náà kì í ṣe irọ́. Ọ̀pọ̀ jù lọ géèmù ni wọ́n kọ fún Windows, tó jẹ́ pé Windows nìkan ni wọ́n mọ̀ ọ́n bá sọ̀rọ̀. Láti ọdún 1993 ni àwọn kan ti bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí wọ́n ń pè ní Wine, iṣẹ́ ògbufọ̀ gan-an ni ó sì ń ṣe. Bí géèmù bá sọ ní èdè Windows pé kí wọ́n ṣí fáìlì kan fún òun, Wine a gbọ́ ọ, a sọ ọ́ ní èdè tí Linux gbọ́, a sì gbé èsì padà. Ìwọ tí o jẹ́ atúmọ̀ èdè mọ̀ pé ìtúmọ̀ kì í lọ déédéé nígbà tí àwọn méjèèjì bá ń yára sọ̀rọ̀, èdè àwòrán géèmù sì yára ju gbogbo wọn lọ. Direct3D ni Windows fi ń ya àwòrán. Linux kò ní in. Ìgbà tí Vulkan dé, èdè àwòrán mìíràn tí Linux gbọ́, tí ẹnì kan sì jókòó kọ DXVK, tó ń túmọ̀ Direct3D sí Vulkan, ni ọ̀rọ̀ náà tó yí padà. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2018, ilé iṣẹ́ Valve tó ni Steam, ilé ìtajà géèmù orí íntánẹ́ẹ̀tì, kó Wine, DXVK àti àwọn nǹkan mìíràn pọ̀ sójú kan, wọ́n pè é ní Proton, wọ́n sì fi í sínú Steam. Láti ìgbà náà, o kò ní láti mọ ohunkóhun nípa rẹ̀. O kàn máa tẹ bọ́tìnì, géèmù á ṣí.

Ẹ̀gbọ́n rẹ béèrè ohun tí wọ́n ń wá, ìbéèrè rẹ̀ sì bọ́gbọ́n mu. Ní ti Valve, kò fara sin. Ní ọdún 2012 tí Microsoft ń gbé Windows 8 bọ̀ pẹ̀lú ilé ìtajà tirẹ̀ nínú, Gabe Newell tó jẹ́ ọ̀gá Valve bú ètò náà ní gbangba, nítorí pé ẹni tó ń pàtẹ nínú ọgbà ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ mọ ibi tí ilẹ̀kùn àbájáde wà. Ní ọdún 2015 wọ́n gbé kọ̀ǹpútà géèmù kan jáde lórí Linux, kò tà, nítorí pé géèmù tó wà fún un kò tó nǹkan. Wọ́n lọ fi ọdún mélòó kan ṣe Proton, wọ́n sì padà wá ní oṣù kejì ọdún 2022 pẹ̀lú Steam Deck, ẹ̀rọ géèmù àfọwọ́dì tó jẹ́ pé Linux ló wà nínú rẹ̀. Èyí ló tà. Nígbà tí Steam ka àwọn oníbàárà rẹ̀ ní oṣù kẹwàá ọdún 2025, àwọn tó ń lo Linux kọjá ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó kéré, mo mọ̀, ṣùgbọ́n a ti pẹ́ gan-an lórí ìdá kan.

Ní ti géèmù rẹ, Counter-Strike 2 àti Stardew Valley ní ẹ̀yà Linux tiwọn, wọn kò tilẹ̀ nílò ògbufọ̀. Football Manager ń lọ dáadáa pẹ̀lú Proton. Kó o tó ra ẹ̀dà tuntun, wo orúkọ rẹ̀ ní ProtonDB, níbi tí àwọn òṣèré géèmù ti ń ròyìn ohun tó ṣiṣẹ́ fún wọn àti ohun tí kò ṣiṣẹ́. Ohun kan wà nípa GTX 1050 rẹ tí àwọn ènìyàn kì í sọ: ọ̀wọ́ 580 ni ìkẹyìn dírábà NVIDIA, ìyẹn ètò tó ń jẹ́ kí ẹ̀rọ lè bá káàdì sọ̀rọ̀, tí wọ́n ṣe fún ìran káàdì náà. Bí ẹnì kan bá sọ fún ọ pé kí o fi èyí tó tuntun jù lọ sí i, má ṣe gbà.

EA Sports FC ni kò ní ṣiṣẹ́. Kì í ṣe pé Linux kò lè gbé e, aṣọ́nà tó ń ṣọ́ òjóró nínú rẹ̀ ni kò gbà. Irú aṣọ́nà bẹ́ẹ̀ máa ń wọ kernel Windows lọ, ìyẹn yàrá inú lọ́hùn-ún pátápátá tí ohun gbogbo lórí ẹ̀rọ ń gba àṣẹ láti ibẹ̀, kó lè rí ẹni tó ń fi ètò mìíràn ṣe òjóró. Fortnite, Valorant àti League of Legends wà nínú ẹjọ́ kan náà. Apex Legends ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn onílinux ní ìparí oṣù kẹwàá ọdún 2024. Àwọn tó ni Easy Anti-Cheat àti BattlEye, tí wọ́n jẹ́ irú aṣọ́nà bẹ́ẹ̀, ti ṣe tiwọn lọ́nà tó lè bá Proton ṣiṣẹ́ láti ọdún 2021, ṣùgbọ́n oníléeṣẹ́ géèmù ló máa pinnu bóyá òun yóò ṣí i. Ìdí wọn kì í ṣe ìdí òmùgọ̀: lórí Linux, ẹnikẹ́ni lè tún kernel ara rẹ̀ kọ, aṣọ́nà kò sì lè búra pé kò sí ẹni tó sá pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Síbẹ̀, ẹ rántí ọjọ́ 19 oṣù keje ọdún 2024, nígbà tí àtúnṣe kan ṣoṣo tó ní àléébù láti ọ̀dọ̀ CrowdStrike da nǹkan bí mílíọ̀nù 8.5 kọ̀ǹpútà Windows dùbúlẹ̀, tí bààlú kò lè gbéra ní ọ̀pọ̀ pápákọ̀. Ilé iṣẹ́ ààbò ni wọ́n, wọn kì í ṣe géèmù, ṣùgbọ́n yàrá kan náà ni wọ́n ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lọ́wọ́. Èmi kò rò pé eré bọ́ọ̀lù tó ohun tí ènìyàn ń fún ní irú kọ́kọ́rọ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ mẹ́ta lè ní èrò mìíràn.

Ọmọ Òṣogbo

Bàbá Oníkóòdù, mo bọ̀wọ̀ fún ìmọ̀ yín, àlàyé yín lórí aṣọ́nà òjóró sì yé mi ju gbogbo ohun tí mo ti kà lọ. Ṣùgbọ́n ẹ kò dáhùn ìbéèrè ẹ̀gbọ́n arákùnrin yìí tán. Ẹ sọ ohun tí Valve ń wá. Kí ni àwọn tí kò ní Valve lẹ́yìn ń rí jẹ?

Ẹ wo ọ̀rọ̀ xz. Ètò kékeré kan ni, tó ń fún fáìlì pọ̀ kó má baà gba àyè, ó sì wà nínú ọ̀pọ̀ jù lọ Linux tó wà láyé. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń tọ́jú rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún láìgba owó, ó sì ti rẹ̀ ẹ́. Ní ọdún 2021, ẹnì kan tó ń jẹ́ Jia Tan yọjú, ó ń ràn án lọ́wọ́ pẹ̀lú sùúrù, títí ó fi di ẹni tí wọ́n fi ilé lé lọ́wọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, ó fi ọ̀nà ìkọ̀kọ̀ kan sínú ẹ̀dà 5.6.0 àti 5.6.1, èyí tí ì bá jẹ́ kó lè wọ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀rọ lágbàáyé láìkan ilẹ̀kùn. Kí ló tú u fó? Ní ìparí oṣù kẹta, Andres Freund ṣàkíyèsí pé wíwọlé sórí ẹ̀rọ òun láti òkèèrè ń pẹ́ ju bó ti yẹ lọ pẹ̀lú nǹkan bí ààbọ̀ ìṣẹ́jú àáyá, ó sì wádìí rẹ̀. Ṣé orí ààbọ̀ ìṣẹ́jú àáyá ni kí a gbé ààbò ayé kà? Títí di òní, kò sí ẹni tó mọ ẹni tí Jia Tan í ṣe.

Ní ti àwọn ìjọba Yúróòpù, ìlú Munich ní Jámánì ti ṣe é ṣáájú wọn. Ọdún 2003 ni ìgbìmọ̀ ìlú náà pinnu láti lọ sórí Linux, wọ́n fi nǹkan bí ọdún mẹ́wàá kó nǹkan bí 15,000 kọ̀ǹpútà lọ, ní ọdún 2017 wọ́n sì dìbò pé àwọn ń padà sí Windows. N kò sọ pé Linux kò dára. Ohun tí mò ń sọ ni pé ẹni tó bá ń ṣí lọ yẹ kó ka iye tí ẹrù rẹ̀ yóò ná an, títí kan àkókò tí yóò fi máa wá ìdí tí ohùn kò fi jáde.

Ìmọ̀ràn tèmi rọrùn. Microsoft ṣì ń fún àwọn onílé ní àtúnṣe ààbò lórí Windows 10 títí di ọjọ́ 13 oṣù kẹwàá ọdún 2026, bí wọ́n bá forúkọ sílẹ̀ fún un. 30 dọ́là ni, tàbí kí o gbà kí ètò ẹ̀rọ rẹ máa lọ sínú àkáǹtì rẹ lọ́dọ̀ wọn, kí o má san kọ́bọ̀. Gba ọdún náà, fi tọ́jú owó ẹ̀rọ mìíràn. Bí o bá ní kí o tún máa gbé géèmù 60GB wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i fún Linux, ṣé o ti gbàgbé pé láti oṣù kìíní ọdún 2025 ni NCC ti fọwọ́ sí i pé kí àwọn oníléeṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ fi tó ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún kún owó wọn? Dátà kì í ṣe omi òjò.

Ìyá Ìbejì Peckham

Ẹ pẹ̀lẹ́ o. N kì í sábà dá sí ọ̀rọ̀ níbí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Ọmọ Òṣogbo fẹ́ àfikún. Gbogbo ohun tó sọ nípa xz ló rí bẹ́ẹ̀, ó kàn dákẹ́ níbi tó dùn jù ni. Andres Freund tó rí ọ̀nà ìkọ̀kọ̀ náà, òṣìṣẹ́ Microsoft ni. Nígbà tí ara fu ú, kò kọ lẹ́tà sí ẹnikẹ́ni pé kí wọ́n jẹ́ kí òun wò ó. Ó ṣí kóòdù náà tó wà ní gbangba, ó tọ ipasẹ̀ rẹ̀ títí ó fi dé ìdí rẹ̀, ó sì kéde rẹ̀ fún gbogbo ayé ní ọjọ́ 29 oṣù kẹta ọdún 2024. Bí irú rẹ̀ bá wà nínú ohun tó wà ní títì pa, kí ni ìwọ ìbá ṣe pẹ̀lú ààbọ̀ ìṣẹ́jú àáyá tí o ṣàkíyèsí? Ṣùgbọ́n mo gbà pẹ̀lú rẹ̀ lórí ọkùnrin tó rẹ̀ náà. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá tó ń fi iṣẹ́ rẹ̀ pa owó, tí wọn kò sì fún un ní kọ́bọ̀, ló yẹ kí ojú tì.

Àwọn olóyìnbó ní ìṣòro kan tí àwa kò ní. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, “free”, ni wọ́n ń lò fún ọ̀fẹ́ àti fún òmìnira, wọ́n sì ti ń ṣàlàyé ara wọn lórí rẹ̀ láti nǹkan bí ogójì ọdún. Ní Yorùbá, kò sí ẹni tó ń ṣi ọ̀kan mú fún èkejì. Ìdí nìyẹn tí mo fi rò pé ẹ̀gbọ́n Ará Bódìjà ń bi wá nípa ọ̀fẹ́ nígbà tí ọ̀rọ̀ ọ̀hún jẹ́ ti òmìnira. Ẹni tó ra Windows 10 san owó rẹ̀ pé, síbẹ̀ ẹlòmíràn ló mú ọjọ́ tí yóò dáwọ́ ìtọ́jú rẹ̀ dúró.

Géèmù ni ó hàn sí jù lọ. Ní oṣù kejìlá ọdún 2014 ni Ubisoft gbé The Crew jáde, eré ọkọ̀ sísáré tó máa ń fẹ́ kí ènìyàn wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì kódà bó bá ń dá nìkan ṣeré. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹta ọdún 2024 wọ́n pa server rẹ̀, ìyẹn ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ náà tí eré ọ̀hún ń bá sọ̀rọ̀, eré náà kò sì ṣe é ṣe mọ́ fún ẹnikẹ́ni, títí kan ẹni tó rà á nínú páálí. Nínú oṣù tó tẹ̀ lé e ni Ross Scott bẹ̀rẹ̀ ìpolongo Stop Killing Games. Wọn kò ní kí ilé iṣẹ́ máa tọ́jú géèmù títí ayé. Wọ́n ní kó má pa á lọ́nà tí ẹni tó rà á kò ní lè lò ó mọ́. Ó ju mílíọ̀nù kan ènìyàn lọ tó buwọ́ lu ìwé ẹ̀bẹ̀ wọn sí Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù kí gbèdéke tó pé ní ìparí oṣù keje ọdún 2025. Níbí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìwé ẹ̀bẹ̀ tiwa kọjá 100,000, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin sì jíròrò lé e lórí ní ọjọ́ 3 oṣù kọkànlá ọdún kan náà. Mo jókòó, mo gbọ́ ọ. Àwọn aṣòfin sọ̀rọ̀ dáadáa, ìjọba sì ní òun kò ní í yí òfin oníbàárà padà. Bó ṣe máa ń rí nìyẹn.

Ẹ tún fi ti EA Sports FC kún un. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2025 ni wọ́n kéde pé àjọ ìdókòwò ìjọba Saudi Arabia, pẹ̀lú Silver Lake àti Affinity Partners, fẹ́ ra EA ní bílíọ̀nù 55 dọ́là, tí apá ńlá nínú rẹ̀ jẹ́ gbèsè. Ẹni tó bá jẹ irú gbèsè bẹ́ẹ̀ láti ra ilé ìtajà, ọwọ́ àwọn oníbàárà ni yóò ti wá a. Èrò tèmi nìyẹn, n kò rí ìwé àkọsílẹ̀ wọn. Ṣùgbọ́n bóyá ìwọ tó wà ní Bódìjà yóò lè gbá bọ́ọ̀lù lórí Linux tàbí o kò ní lè gbá a, orí tábìlì tí o kò ní àga nídìí rẹ̀ ni wọn yóò ti pinnu rẹ̀.

Ní ti àwọn ìjọba, òótọ́ ni. Ìpínlẹ̀ Schleswig-Holstein ní àríwá Jámánì kéde ní oṣù kẹrin ọdún 2024 pé òun yóò kó nǹkan bí 30,000 kọ̀ǹpútà òṣìṣẹ́ lọ sórí LibreOffice, ètò ọ̀fẹ́ fún ìwé kíkọ àti iṣẹ́ ọ́fíìsì, kí Linux sì tẹ̀ lé e. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2025 wọ́n parí kíkó ímeèlì wọn kúrò lọ́dọ̀ Microsoft. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn àti Munich ni pé owó nìkan kọ́ ni wọ́n ń rò. Wọ́n ń bi ara wọn léèrè pé bí orílẹ̀-èdè mìíràn bá bínú sí wa, ta ni ìwé ìjọba wa wà lọ́wọ́ rẹ̀?

Ṣùgbọ́n kí a má tan ara wa jẹ, Bàbá Oníkóòdù: kóòdù Proton wà ní gbangba, ti Steam fúnra rẹ̀ kò sí. Géèmù tí ẹ ń fi Proton ṣí, títì pa ló wà. Láti oṣù kẹwàá ọdún 2024 ni Steam ti ń kọ ọ́ sí ibi ìsanwó pé ìwé àṣẹ láti lo géèmù ni ènìyàn ń rà. Nítorí náà, bí géèmù kan bá wà ní GOG, tí wọ́n ń tà á láìsí àgádágodo, ibẹ̀ ni èmi máa ń rà á fún àwọn ìbejì mi, n ó sì tọ́jú fáìlì rẹ̀ sí díìsìkì tèmi.

Bàbá Oníkóòdù

Ìyá Ìbejì, ẹ mú mi níbẹ̀, n kò ní àwáwí. Ọmọ Òṣogbo, ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ tún ṣe nínú tìrẹ: kò sí ìdí láti tún gbé géèmù wálẹ̀. Steam orí Linux lè lo fáìlì tí Steam orí Windows ti kó sílẹ̀. Kí Ará Bódìjà dà wọ́n kọ sórí díìsìkì tó wà fún Linux, kí Steam yẹ̀ wọ́n wò, ìwọ̀nba tó bá yàtọ̀ nìkan ni yóò gbà. Ìmọ̀ràn tí o fún un lórí ọdún kan àfikún náà dára. Kó gbà á. Kò dí Linux lọ́wọ́.

Ará Bódìjà

Ẹ ṣeun púpọ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì ti kọjá, mo sì ti rí ohun tí mo lè ròyìn.

Mo fi Linux Mint, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀yà Linux, sórí fúláàṣì, mo sì kọ́kọ́ gbé ẹ̀rọ mi dìde láti orí fúláàṣì náà láìfọwọ́ kan Windows. Wáífáì ṣiṣẹ́, ohùn jáde, iná ojú ẹ̀rọ gbọ́ràn. Mo wá ra díìsìkì SSD kejì, mo fi Linux sórí ìyẹn, mo fi Windows 10 sílẹ̀ sórí ti àtijọ́, mo sì forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún ọdún kan tí Ọmọ Òṣogbo sọ. Ní ti dírábà, mo ṣe agídí díẹ̀. Mo rò pé èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ ga jù ló dára jù, mo fi sí i, ẹ̀rọ sì ṣí sí òkùnkùn. Mo fi òru kan wá a kí n tó padà wá ka ohun tí Bàbá Oníkóòdù ti kọ kalẹ̀ fún mi tẹ́lẹ̀. Ọ̀wọ́ 580 ló wà níbẹ̀ báyìí, ara rẹ̀ balẹ̀.

Counter-Strike 2 ń lọ bó ṣe ń lọ tẹ́lẹ̀. Football Manager pẹ́ kó tó ṣí ní ìgbà àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà kò yọ mí lẹ́nu mọ́. Ní ti bọ́ọ̀lù ọjọ́ Ẹtì, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ mi ní PlayStation, ilé rẹ̀ ni a ti ń gbá a báyìí, ìyàwó rẹ̀ sì ń se oúnjẹ, nítorí náà n kò lè sọ pé mo pàdánù nǹkan kan.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni Yorùbá kíkọ. Mo ti ń múra láti wá ètò tí n ó rà, àfi bí mo ṣe rí i pé nínú àwọn bọ́tìnì ìtẹ̀wé tó bá Linux wá, Yorùbá wà lábẹ́ Nàìjíríà, pẹ̀lú Igbo àti Hausa. Ohun tó kù ni ti lẹ́tà tó ní àmì lókè àti ẹ̀sẹ̀ nísàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, bí ẹ́ àti ọ̀. Unicode, ìlànà tó ń fún lẹ́tà gbogbo èdè ní nọ́ńbà lórí kọ̀ǹpútà, kò fún wọn ní nọ́ńbà kan ṣoṣo, a máa ń to àmì mọ́ wọn ni, nítorí náà àwọn fọ́ǹtì kan máa ń ju àmì náà sí ẹ̀gbẹ́. Mo yan èyí tó gbé e síbi tó yẹ nínú LibreOffice, iṣẹ́ sì ń lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi wá wò ó. Ó ní àwọn ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ti jẹ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì jù fún ohun tí mo ń pè ní òmìnira. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí díẹ̀, nítorí pé iṣẹ́ mi ni. Ta ni ènìyàn máa ń bá sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó lè jẹ́ kó túmọ̀ rẹ̀?

Bàbá Oníkóòdù

Kò sí ẹni tí o fẹ́ bá sọ̀rọ̀. Launchpad ni wọ́n ti ń túmọ̀ àwọn ọ̀rọ̀ Linux Mint. Ṣí àkáǹtì níbẹ̀, yan Yorùbá, kí o sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọ̀rọ̀ tí ìwọ fúnra rẹ ń rí lójoojúmọ́: ṣí i, pa á mọ́, pa á rẹ́, wá a. Má ṣe bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú èyí tó le. Ọ̀pọ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀rọ̀ kernel, tí wọn kò sì padà wá.

Ọmọ Òṣogbo

Bí o bá dé orí kernel, jọ̀wọ́, má ṣe pè é ní èkùrọ́. Mo ti rí i níbì kan, ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń rẹ́rìn-ín.

Ará Bódìjà

Mo ti kọ èkùrọ́ sílẹ̀ ná. Bí ẹ bá ní èyí tó dára jù ú lọ, ẹ fi ránṣẹ́.